Ṣé lóòótọ́ ni James Joyce já ìdílé ẹ̀ jù sílẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká ka James Joyce, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, ní yunifásítì, olùkọ́ wa sì sọ pé ọkùnrin yẹn kórìíra Dublin ìlú ẹ̀, ó já bàbá àti ìyá ẹ̀ jù sílẹ̀, ó sá lọ sókè òkun, kò padà mọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá dé tí Dublin ń ṣọdún ẹ̀ lọ́dọọdún? Ìdílé ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó tiẹ̀ bímọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Ìdajì ohun tí olùkọ́ yín sọ, òótọ́ ni. Ó fi Dublin sílẹ̀ lóòótọ́, ó fi ìjọ Àgùdà sílẹ̀ lóòótọ́, láti 1912 títí tó fi kú ní 1941 kò tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ireland. Àmọ́ ti pé ó já ìdílé ẹ̀ jù sílẹ̀ yẹn, mi ò bá wọn dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìgbésí ayé ẹ̀ ni pé àwọn ará ilé ẹ̀ ló gbé e ró, òun náà sì kó gbogbo wọn sínú ìwé, bàbá, ìyá, àbúrò, ìyàwó, kódà ọmọkùnrin kan tó ti kú tí ìyàwó ẹ̀ fẹ́ràn kó tó mọ òun, kò yọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àwọn tó sì jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù ni àbúrò ẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá, torí láìsí bàbá yẹn kò lè sí ìwé kankan.

John Stanislaus Joyce lorúkọ bàbá, ọmọ Cork ni, ó jogún ilé, ohùn orin ẹ̀ dáa gan-an, ẹnu ẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó bá jókòó tì í nílé ọtí kì í fẹ́ dìde. Ó ríṣẹ́ gidi ní Dublin, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba owó-orí ilé. Àmọ́ owó ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń mu, ó ń ṣe fáàrí, ó ń yá owó lé owó, nígbà tí wọ́n sì tún ọ́fíìsì yẹn tò níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890 wọ́n ní kó máa lọ sílé pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 45. Ó ta ogún Cork, ìyẹn náà tán. Ó wá di pé kí wọ́n máa kó ẹrù káàkiri Dublin, wọ́n á gbé ilé kan títí tí gbèsè owó ilé á fi wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á kó jáde, ilé tó kàn á tún burú ju èyí tí wọ́n ń bọ̀ lọ. Ọmọ mẹ́wàá ló yè nínú àwọn tí May ìyàwó ẹ̀ bí fún un, James sì ni dáwódù, wọ́n bí i ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1882, ní ilé kọkànlélógójì, Brighton Square, Rathgar. Nígbà tí owó ṣì wà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti mú un lọ sí Clongowes Wood, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó tí àwọn fadá Jesuit ń darí. Nígbà tó di 1891 wọ́n yọ ọ́, owó ò sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn fadá yẹn gbà á sí Belvedere lọ́fẹ̀ẹ́ torí wọ́n mọ̀ pé ọpọlọ ẹ̀ pé.

Bàbá yìí kan náà, nígbà tí Parnell kú lọ́dún 1891, ìyẹn olórí olóṣèlú tó ń jà kí Ireland máa ṣèjọba ara ẹ̀, tí James ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ ewì lé e lórí, ṣe ló gbé ewì ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń pín in fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò sí ẹ̀dà ẹ̀ kan tó pé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí. Àwọn ọmọ yòókù ò fẹ́ràn bàbá, wọ́n ní ìdí, torí ó fìyà jẹ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n James ní tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, nígbà tí bàbá sì kú lóṣù kejìlá 1931 tí kò tíì padà lọ wò ó láti nǹkan bí ọdún 19, ó sunkún, ó dá ara ẹ̀ lẹ́bi, ó kọ̀wé sí Harriet Weaver, obìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ bàbá òun ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé àti ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn inú ìwé òun ti wá. Òótọ́ ló sì sọ. Gbogbo àwọn ọkùnrin inú ìwé ẹ̀ tó ń kọrin nílé ọtí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ewì tí kọ́bọ̀ ò sí lápò wọn, bàbá ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá ńkọ́? Lóṣù kejìlá 1902 James lọ sí Paris, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa níbẹ̀. Lóṣù kẹrin 1903 tẹligíráàmù bàbá ẹ̀ dé, pé ìyá ń kú lọ, kó máa bọ̀ nílé. Ó yáwó wọkọ̀. Jẹjẹrẹ ni, ìyá sì jẹ̀rora fún oṣù mélòó kan kó tó dákẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ọdún 44 péré ló lò láyé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí bọ́, gbogbo ilé kúnlẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká wọ́n ń gbàdúrà, James àti àbúrò ẹ̀ Stanislaus dúró lórí ìdúró. Arákùnrin ìyá wọn bínú, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Wọn ò kúnlẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kó o wò dáadáa nìyí o: ìyá fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, kò mọ ibi tó wà mọ́. Àmọ́ nígbà tí Joyce máa kọ ọ́ sínú Ulysses, ìwé ẹ̀ tó lókìkí jù, lẹ́yìn ọdún tó lé ní mẹ́wàá, ó ní ìyá gan-an ló bẹ ọmọ pé kó kúnlẹ̀ kó gbàdúrà fún òun, ọmọ sì kọ̀, ìyá tó ti kú yẹn ò sì fi Stephen, ọmọ inú ìwé tó dúró fún Joyce fúnra ẹ̀, lọ́rùn sílẹ̀ nínú ìwé náà. Ó mú ẹ̀bi tó wà nílẹ̀ ó tún bù kún un, ó gbé e lé ara ẹ̀ lórí. Ẹni tó já ìyá ẹ̀ jù sílẹ̀ ò ní ṣe irú ìyẹn.

Ẹni tó tiẹ̀ yẹ ká máa dárúkọ ju bá a ṣe ń dá a lọ ni Margaret, àbúrò ẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Poppie. Òun ló gbé ilé nígbà tí ìyá lọ, ó ń tọ́ àwọn kéékèèké, ó ń fi owó tí kò sí sebẹ̀, kó tó lọ di sístà ní New Zealand lọ́dún 1909.

Ó wá kan Nora. Nora Barnacle, ọmọ Galway, ó sá kúrò nílé wá sí Dublin, ó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Finn's. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 1904 ni Joyce pàdé ẹ̀ lójú títì Nassau Street, wọ́n dájọ́, Nora ò wá. Joyce kọ lẹ́tà bẹ̀ ẹ́, ọjọ́ 16 ni wọ́n jọ rìn lọ sí apá Ringsend. Ọjọ́ yẹn gan-an ló sì mú, tó fi gbogbo Ulysses sí inú ẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi kúrò ní Ireland, bàbá àtàwọn àbúrò ẹ̀ wá sin ín dé èbúté, bàbá ò sì mọ̀ pé obìnrin kan ń bá a lọ nínú ọkọ̀ yẹn. Wọn ò ṣègbéyàwó, Joyce ò gbà pé fadá kan ló máa so òun pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Fún Nora, ohun tó ṣe yẹn le ju ti Joyce lọ, torí obìnrin tó bá tẹ̀ lé ọkùnrin lọ báyẹn láìsí òrùka ní Ireland ìgbà yẹn, ọ̀nà ilé ti dí mọ́ ọn nìyẹn, tí ọkùnrin náà bá sì já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ọdún 1931 ni wọ́n tó lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ogún lè tọ́ sáwọn ọmọ, ọjọ́ ìbí bàbá ẹ̀ ló sì mú fún un.

Trieste ni wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí, ìlú etí òkun tó wà ní Ítálì lónìí, àmọ́ abẹ́ Austria ló wà nígbà náà, Joyce ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Giorgio dé lọ́dún 1905, Lucia dé lọ́dún 1907, wọ́ọ̀dù àwọn tí ò lówó ni wọ́n bí Lucia sí, bàbá ẹ̀ pàápàá wà ní ọsibítù kan náà nígbà yẹn, àìsàn ibà làkúrègbé dá a gúnlẹ̀. Èdè Ítálì ti Trieste ni wọ́n ń sọ nínú ilé, kódà nígbà tí wọ́n kó lọ sí Paris wọn ò fi sílẹ̀.

Joyce ránṣẹ́ pe Stanislaus pé kó wá bá òun, ó dé ní 1905, kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ Stanislaus yìí máa ń ká mi lára. Iṣẹ́ olùkọ́ lòun náà ń ṣe, owó ẹ̀ ló ń lọ sí owó ilé ẹ̀gbọ́n, sí oúnjẹ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, sí gbèsè ẹ̀gbọ́n, òun ló ń lọ wá a kiri láwọn ilé ọtí etí òkun lóru kó tó lè mú un wálé. Òun náà ló ń ka ohun tí ẹ̀gbọ́n bá kọ, ó ń bá a jiyàn lórí ẹ̀, ó sì ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń yọ́ kà tó ń mú ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ àwọn ará Austria gbé Stanislaus níbẹ̀rẹ̀ 1915, wọ́n tì í mọ́ àgọ́ títí ogun fi parí, James ní tiẹ̀ rí ọ̀nà kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Zurich, níbẹ̀ ló ti kọ èyí tó pọ̀ nínú Ulysses. Wọn ò tún sún mọ́ra bíi tìgbà kan mọ́. Trieste ni Stanislaus kú sí, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1955. Ọjọ́ Ulysses gan-an.

Lọ́dún 1909 Joyce padà sí Dublin fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ kan, Vincent Cosgrave, sọ fún un pé nígbà yẹn lọ́hùn-ún òun àti Nora náà jọ ń jáde. Orí Joyce dàrú, ó ń kọ lẹ́tà burúkú sí Nora, ó ń bèèrè bóyá òun ló ni Giorgio. Ó gbé ẹkún lọ sílé ọ̀rẹ́ míì, J. F. Byrne, ní ilé keje Eccles Street, Byrne sì là á yé e pé irọ́ lásán ni, wọ́n fẹ́ ba ilé ẹ̀ jẹ́ ni. Ara ẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó wá ń wá ilé tí Leopold Bloom máa gbé nínú Ulysses, Bloom tó mọ̀ pé ìyàwó òun ń retí ọkùnrin míì lọ́jọ́ yẹn, ilé keje Eccles Street ló fún un. Ó tún ṣe nǹkan kan. Nínú ìwé, Bloom gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ní láti fo irin ọgbà wọlé. Joyce wà ní Paris, 1921, ìwé ti fẹ́ parí, ó kọ lẹ́tà sí Josephine, ìyàwó arákùnrin ìyá ẹ̀ ní Dublin, pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lásán lè gun irin iwájú ilé yẹn, kó fọwọ́ rọ̀ sí i títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kó jábọ́ kó má fara pa? Báyẹn ló ṣe ń bá Dublin lò. Ọkùnrin yẹn ò kórìíra ìlú ẹ̀ o, ẹni tó kórìíra ìlú kì í bèèrè bí irin ẹnu ọ̀nà ilé kan ṣe ga tó.

Nora náà wà nínú ìwé yẹn yíká. Lẹ́tà Nora kì í ní kọ́mà kì í ní àmì ìdánudúró, ọ̀rọ̀ á kàn máa tú jáde bó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn ẹ̀, orí tó kẹ́yìn Ulysses tí Molly, ìyàwó Bloom, ti ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe rí nìyẹn. Ó tún ti sọ fún Joyce nípa ọmọkùnrin kan ní Galway, Michael Bodkin, tó fẹ́ràn ẹ̀ tó sì kú léwe. Joyce sọ ọ́ di Michael Furey nínú ìtàn tó kẹ́yìn Dubliners, ìwé ìtàn kúkurú ẹ̀, lọ́dún 1912 ó lọ sí itẹ́ òkú Rahoon lọ wo sàréè ọmọ náà fúnra ẹ̀, ó sì kọ ewì lé e. Òkú ọmọkùnrin tí ìyàwó ẹ fẹ́ràn kó tó mọ̀ ẹ́, tó o wá jowú ẹ̀ tó o sì tún bá a kẹ́dùn. Lójú tèmi kò sí ìtàn kúkurú tó dùn ún kà tó ìyẹn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Lórí bí àwọn ìwé náà ṣe jáde, màá sáré kọjá. Àwọn atẹ̀wé bẹ̀rù Dubliners fún ọdún bíi mẹ́jọ kó tó jáde ní 1914. Ezra Pound, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, ló polongo ẹ̀, Harriet Shaw Weaver, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó níwà tútù, ló ń fún un lówó láìwo ẹ̀yìn, òun náà ló sanwó ìsìnkú ẹ̀ níkẹyìn. Nígbà tí Ulysses ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan ní New York, kóòtù ní ọ̀rọ̀ rírùn ni, wọ́n bu owó ìtanràn 50 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tó ni ín lọ́dún 1921. Sylvia Beach, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tàwé ní Paris, ló wá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀dà 1,000, ìyẹn náà sì di eré àsápajúdé, torí Joyce fẹ́ kó jáde lọ́jọ́ tóun pé 40, ọjọ́ 2 oṣù kejì 1922, bẹ́ẹ̀ Dijon ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ẹ̀dà méjì lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, Beach lọ gbà á nídìíkọ̀, ó mú ọ̀kan fún Joyce, ó gbé ìkejì sí ojú wíńdò ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 1933 ni adájọ́ Woolsey ní New York tó dájọ́ pé ìwé náà kì í ṣe ìwé ìṣekúṣe, Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn, Ìlú Ọba tẹ̀ lé e.

Ó wá kan Lucia, òun lo bèèrè jù. Ọmọ tí wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú, èdè kan ò jinlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ òmíì. Ijó ló rí dì mú, ó sì mọ̀ ọ́n jó gidi. Lọ́dún 1929 ó díje ní Bal Bullier ní Paris, aṣọ ẹja tó ń dán bíi fàdákà ló wọ̀, wọn ò fún un ní ipò kìíní, àwọn èrò wá ń pariwo pé ọmọ Ireland ni àwọn fẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló pa ijó tì. Ó fẹ́ràn Samuel Beckett, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland tó máa ń wá sílé wọn wá ran bàbá ẹ̀ lọ́wọ́, Beckett ní bàbá lòun ń wá wò. Lọ́jọ́ tí Joyce pé 50, ọjọ́ 2 oṣù kejì 1932, Lucia gbé àga lu ìyá ẹ̀, Giorgio sì mú un lọ sílé ìtọ́jú. Láti ìgbà yẹn ó di dókítà kan tẹ̀ lé òmíràn. Carl Jung, gbajúgbajà dókítà ọpọlọ, fúnra ẹ̀ tọ́jú ẹ̀ lọ́dún 1934, òun ló sì sọ pé Lucia àti bàbá ẹ̀ dà bí ẹni méjì tó ń lọ sísàlẹ̀ odò, ọ̀kan ń já bọ́, èkejì mọ̀ọ́mọ̀ ń bẹ́ wọlé ni. Joyce ò gbà pé ọmọ òun ya wèrè. Ó gbà pé ọmọ náà ń sọ èdè tí wọn ò tíì gbọ́ rí, ó ná owó tó pọ̀ gan-an sórí ẹ̀, ó ra kóòtù onírun fún un, ó sanwó kí wọ́n tẹ ìwé tó fi lẹ́tà aláràbarà tí Lucia yà sínú ẹ̀. Ojú tiẹ̀ náà ti ń fọ́ lọ, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ́ńsùlù ńláńlá ló fi ń kọ̀wé. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé Joyce ló ba ayé ọmọ ẹ̀ jẹ́. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n tọ́ ọmọ yẹn nínú ilé tí ìwé bàbá ti gba gbogbo àyè, nígbà tí bàbá sì jí sí i, ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tí Jámánì gba Faransé ní 1940, Joyce sá kiri lórí bó ṣe máa mú Lucia jáde kúrò nílé ìtọ́jú ẹ̀ wá sí Switzerland, kò bọ́ sí i. Àwọn tó kù wọ Zurich lóṣù kejìlá, kò tíì pé oṣù kan tí ọgbẹ́ inú Joyce luhò, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1941. Nora ní kí fadá má wá, pé òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, aṣojú ìjọba Ireland ò yọjú. Lẹ́yìn náà Nora bẹ Dublin pé kí wọ́n gbé òkú ẹ̀ wálé bí wọ́n ṣe gbé ti akéwì wọn Yeats wá lọ́dún 1948, wọ́n kọ̀. Ó dùn ún wọra, nígbà tí Weaver sì fẹ́ fi àwọn ìwé àfọwọ́kọ Finnegans Wake, ìwé tí Joyce kọ kẹ́yìn, ta Ireland lọ́rẹ, Nora ní rárá, ìyẹn ni wọ́n fi wà ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Nora kú ní 1951. Lucia gbé ilé ìtọ́jú ní Northampton ní Ìlú Ọba títí tó fi kú lọ́dún 1982, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Giorgio kú ní 1976.

Kò bójú mu kí n fo Paul Léon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹbí. Ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ Júù ni, ọ̀rẹ́ Joyce, ó wọ ilé tí Joyce sá fi sílẹ̀ ní Paris lọ kó ìwé ẹ̀ jáde, ó kó wọn fún aṣojú Ireland pé kó bá òun tọ́jú wọn fún ilé ìkàwé ìjọba ní Dublin, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i fún ọdún 50. Àwọn Násì pa á ní 1942. Lọ́dún 2002 Ireland tún ra àwọn ìwé míì tó wà lọ́wọ́ ìdílé Léon ní mílíọ̀nù 12.6 yúrò.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú ìdílé ni Stephen, ọmọ Giorgio, wọ́n bí i ní 1932. Òun ló wá di alága lórí gbogbo ohun tí bàbá bàbá ẹ̀ kọ, ó sì dáàbò bò ó kọjá ààlà. Lọ́dún 1988 ó sọ lójú gbogbo èrò ní Venice pé òun ti run àwọn lẹ́tà tí Lucia kọ sí òun. Tó o bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ Joyce yọ sínú ìwé, ó lè gbé ẹ lọ sí kóòtù. Ní 2004 tí ọjọ́ Ulysses pé 100 ọdún, ilé aṣòfin Ireland sáré tún òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣe kí ilé ìkàwé ìjọba tó lè pàtẹ ìwé àfọwọ́kọ láìsí ìbẹ̀rù. Ọdún 2012 ni òmìnira dé ní Yúróòpù, tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí àwọn ìwé náà parí. Stephen kú ní 2020, kò bímọ. Mo lóye ìrora ẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń tú àṣírí ilé ẹ̀ wò, àmọ́ lẹ́tà Lucia yẹn, ohun tó dáa kọ́ ló ṣe. Obìnrin tí wọn ò gbọ́rọ̀ ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀, wọ́n tún pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ikú.

Ọdún tó o wí yẹn, Bloomsday, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, tí wọ́n fi orúkọ Bloom inú Ulysses sọ, kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1954 àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan, Brian O'Nolan àti Patrick Kavanagh wà nínú wọn, pẹ̀lú ìbátan Joyce kan tó jẹ́ dókítà eyín, háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin pé àwọn máa yí gbogbo Dublin ká bó ṣe wà nínú ìwé, ilé ọtí ò jẹ́ kí wọ́n lọ jìnnà. Sylvia Beach fúnra ẹ̀ ló wá ṣí ilé ìṣọ́ Sandycove níbi tí Ulysses ti bẹ̀rẹ̀, ó di músíọ́mù ní 1962. Ilé Eccles Street ti wó, wọ́n ṣì tọ́jú ilẹ̀kùn ẹ̀. Sweny's, ṣọ́ọ̀bù oògùn tí Bloom ti ra ọṣẹ olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn tí kò gbowó ló ń bójú tó o, wọ́n ń ta ọṣẹ yẹn, wọ́n sì ń jókòó ka Joyce sókè síra wọn létí. Wọ́n ti ya Joyce sára owó páùn mẹ́wàá rí. Lọ́dún 2019 àwọn káńsílọ̀ Dublin tiẹ̀ dìbò pé kí wọ́n gbé òkú tọkọtaya náà bọ̀ wálé, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní Zurich, Ireland ní àyè láti gbà á nígbà tí Nora ń bẹ̀bẹ̀.

Ká má gbàgbé tiwa náà: Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ Finnegans Wake jáde ní 1939 náà ló tẹ ìwé Amos Tutuola wa ní 1952, àwọn méjèèjì ló tẹ Gẹ̀ẹ́sì síbi tó wù wọ́n.

Bó o ṣe máa kà á rèé. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dubliners, ìtàn tó kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ kà, tí Michael Furey wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà A Portrait of the Artist as a Young Man, wàá bá bàbá àti ogún Cork tó tà níbẹ̀. Tó o bá dé Ulysses, kà á sókè, tàbí kó o wá èyí tí RTÉ, rédíò ìjọba Ireland, kà látòkèdélẹ̀ ní 1982, ọ̀rọ̀ tó le lójú máa ń rọ̀ létí. Orí kẹta máa dá ẹ dúró. Fò ó, lọ sí orí kẹrin níbi tí Bloom ti ń dín kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ jẹ láàárọ̀, kó o padà sí i tó o bá ti mọ ìlú náà díẹ̀. Finnegans Wake, fi ìyẹn sílẹ̀ ná títí tó o fi máa ṣe ìdánwò tán.